Bí A Ti Ń Wá Kókó tí Ń Tú Họ́mọ̀nù Sínú Ẹ̀jẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé ọdọọdún

 

Ìbéèrè kan ni ó bí ọ̀rọ̀ òní. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní òkè òkun béèrè bóyá kò tó àkókò tí gbogbo wa yóò dáwó jọ láti ra ẹ̀rọ ńlá tí ń ya àwòrán inú ara fún ilé ìwòsàn ìlú wa, kí ẹnikẹ́ni má baà tún kú ikú àìmọ̀dí. Ìbéèrè pàtàkì ni, ìfẹ́ ìlú ni ó sì ti wá. Kí a tó dá a lóhùn, a fẹ́ kí ẹ bá wa wo irú àìsàn kan ṣoṣo, nínú èyí tí àwòrán inú ara ń ṣe iṣẹ́ ìyanu, tí ó sì tún lè ṣi ènìyàn lọ́nà jìnnà. Àìsàn náà ni ti kókó kékeré tí ń tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà, họ́mọ̀nù, kò tíì pẹ́ láyé púpọ̀. Ní 1905 ni ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Ernest Starling, kọ́kọ́ lò ó níwájú àwọn oníṣègùn. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni àwọn èròjà tí ẹ̀yà ara kan ń pèsè, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, tí wọ́n sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún ẹ̀yà ara mìíràn tí ó jìnnà, bí ìgbà tí ìránṣẹ́ ọba bá ti ààfin lọ sí abúlé. Insulin ń pàṣẹ pé kí ara gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Adrenaline ń mú kí ọkàn sáré nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Aldosterone ń sọ fún kíndìnrín pé kí ó di iyọ̀ mú, kí ó má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bá ìtọ̀ lọ. Gláǹdì ni a ń pe àwọn ẹ̀yà ara tí ń pèsè wọn, wọn kò sì tóbi rárá. Mẹ́rin kan wà lẹ́yìn gláǹdì ọrùn, ìyẹn èyí tí ó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Bí kókó bá hù lára irú gláǹdì bẹ́ẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè họ́mọ̀nù láìgba àṣẹ, bí ìránṣẹ́ tí ń kéde ohun tí ọba kò sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kókó wọ̀nyí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kókó náà lè má dun ẹni tí ó ní i, kò sì ní yọ síta kí a fi ọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ burúkú tí họ́mọ̀nù rẹ̀ ń jẹ́ káàkiri ara ni a ó máa rí: àyà tí ń já, ẹ̀jẹ̀ tí ń ru, eegun tí ń dá, obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, géńdé ọkùnrin tí ń sọ ìsọkúsọ ní ìdájí kí ó tó jẹun. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kiri, láti ilé babaláwo dé orí òkè àdúrà, láti orí òkè àdúrà dé ọ̀dọ̀ alùfáà, tí ọdún á máa gorí ọdún.

Ìtàn kan wà tí ó dára kí a sọ nípa bí ó ti rí nígbà tí kò sí ẹ̀rọ tí a lè fi wá irú kókó yìí. Charles Martell ni orúkọ ọkùnrin náà, ọ̀gá nínú ọkọ̀ ojú omi ni, ọmọ Amẹ́ríkà. Ènìyàn gíga ni, ó ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Nígbà tí ó yá, eegun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń dá lọ́tùn-ún lósì, òkúta ń hù nínú kíndìnrín rẹ̀, ó sì ń kúrú bí ẹni tí ilẹ̀ ń fà wọlé, títí ó fi dín ní ìnṣì 7. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn gláǹdì mẹ́rin bí hóró ìrẹsì wọ̀nyẹn ni ó ti ya aláìgbọràn, tí ó ń fa kálísíọ̀mù jáde láti inú eegun. Wọ́n mọ olè, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ilé rẹ̀.

Ní 1926, ní ilé ìwòsàn Massachusetts General Hospital ní Boston, wọ́n la ọrùn rẹ̀, wọ́n wá kókó náà tì. Wọ́n tún là á, wọ́n tún wá a tì. Báyìí ni wọ́n ń ṣe títí iṣẹ́ abẹ fi di mẹ́fà. Ìgbà keje, ní 1932, ni wọ́n tó la àyà rẹ̀, tí wọ́n sì bá kókó náà nínú àyà lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ́kọ́ rò ó sí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ mìíràn fún un nítorí òkúta tí ó dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà kú. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi la ọrùn ẹni tí àìsàn rẹ̀ wà ní àyà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìbá ti rí lónìí. Abẹ́rẹ́ kan ni wọn yóò gún un, tí òògùn kan tí a ń pè ní sestamibi wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ti so technetium mọ́ òògùn náà, èyí tí í ṣe èròjà tí ń tan ìtànṣán, tí agbára rẹ̀ sì ń dín sí ìdajì ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Gláǹdì ọrùn àti kókó yóò jọ gba òògùn náà. Kámẹ́rà tí ń rí ìtànṣán yóò ya àwòrán kan ní kíákíá, yóò sì tún ya òmíràn lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ní àkókò yìí, gláǹdì ọrùn á ti jọ̀wọ́ òògùn náà, ṣùgbọ́n kókó á ṣì di tirẹ̀ mú. Ibi tí ó bá ṣì ń tàn nígbà tí ibi yòókù ti ṣú, ibẹ̀ ni a ń wá. Kámẹ́rà náà kì í wo ọrùn nìkan, ó ń wo àyà pẹ̀lú, kò sì ní jẹ́ kí a máa la ọrùn ẹni lásán. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà ti ń lo ọgbọ́n yìí. Oníṣẹ́ abẹ tí ó bá ti mọ ibi tí ó ń lọ yóò la ojú kékeré kan, yóò yọ ohun tí ó ń wá, yóò sì rán an padà.

Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn ọ̀gá ọkọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ irú àìsàn tí ó ń ṣe é, kì í ṣe àwòrán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí títí di òní olónìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìtọ̀ ni ó ń sọ pé họ́mọ̀nù báyìí pọ̀ jù. Iṣẹ́ àwòrán ni láti sọ ibi tí ó ti ń wá. Bí àwòrán kò bá rí kókó, tí ẹ̀jẹ̀ sì sọ pé àìsàn wà, àìsàn wà.

Oríṣi àwòrán méjì ni ó wà, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí ó bá gun orí Olúmọ ní ọ̀sán gangan yóò rí gbogbo òrùlé Abẹ́òkúta, yóò rí bí ilé ṣe tò, ṣùgbọ́n kò lè mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe àríyá. Ẹni tí ó bá gun un ní òru kò ní rí òrùlé dáadáa, ṣùgbọ́n yóò mọ ilé tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Àwòrán ọ̀sán ni X-ray tí Röntgen ṣàwárí ní Jámánì ní 1895, àti ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn kan ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1971. Ẹ̀bùn Nobel ni òun àti Allan Cormack, ẹni tí a bí ní Johannesburg ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, jọ gbà ní 1979. Àwòrán ọ̀sán náà ni MRI, tí ń lo òòfà ńlá, tí kò sì ní ìtànṣán bíi ti X-ray; bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, tí ń lo ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Àwòrán òru ni ti òògùn oníìtànṣán tí a gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, bíi sestamibi tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní òde òní, ẹ̀rọ wà tí ń ya méjèèjì pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé a ó rí iná, a ó sì rí ògiri ilé tí iná náà ti ń tàn.

A wá dé orí ohun tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni gláǹdì kan jókòó sí bí fìlà. Adrenal ni wọ́n ń pè é. Oríṣi kókó méjì tí ń hù níbẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, a kò sì rò pé agbo ilé kan wà ní ìlú wa tí kò ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Èkíní ni èyí tí Jerome Conn, dókítà kan ní Ann Arbor ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1955. Obìnrin kan, ọmọ ọdún 34, ni ó wá bá a. Ara obìnrin náà kò ní agbára, iṣan ń fà á, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, èròjà pọtáṣíọ̀mù sì ti wálẹ̀ púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Conn ronú ọ̀rọ̀ náà títí, ó ní aldosterone ni ó pọ̀ jù, pé adrenal ni kí wọ́n wò. Wọ́n là á, wọ́n sì bá kókó níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà rọlẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn oníṣègùn fi rò pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: nínú ènìyàn 100 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, àpọ̀jù aldosterone ni ó fà á fún bíi 5 sí 10, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní kókó. Ti àwọn kan jẹ́ pé gláǹdì méjèèjì ni ó ń ṣàṣejù, òògùn sì ni tiwọn, kì í ṣe abẹ. Ní 2025 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn họ́mọ̀nù ní Amẹ́ríkà gbani níyànjú pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún un.

Níbí yìí ni àwòrán ti ń tan ènìyàn jẹ. Bí a ti ń dàgbà ni kókó lásán ń hù lórí adrenal, bí ewú ti ń hù lórí, tí kò sì ń ṣe ibi kankan. Ẹni tí ó bá sáré lọ ya CT lè rí kókó ní apá ọ̀tún, kí ó sì jẹ́ pé apá òsì, tí kò ní kókó kankan tí ojú rí, ni aldosterone ti ń ṣàn wá. Ní 2009, àwọn olùwádìí kan kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 950 jọ láti inú ọ̀pọ̀ ìwádìí. Wọ́n rí i pé nínú 37.8 lára 100 wọn, ohun tí CT tàbí MRI sọ kò bá ohun tí ẹ̀jẹ̀ tí a fà láti inú iṣan gláǹdì náà gan-an sọ mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ó wò. Bí a bá gba àwòrán nìkan gbọ́, a lè yọ gláǹdì tí ara rẹ̀ dá, kí a sì fi èyí tí ń ṣiṣẹ́ ibi sílẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ilé ìwòsàn ńlá ṣe ń ki okùn tín-ín-rín oníhò láti iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìtàn lọ sókè dé ẹnu adrenal kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó pinnu. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ṣòro; ẹni tí kò bá ń ṣe é lójoojúmọ́ kì í mọ̀ ọ́n ṣe.

Kókó kejì burú ju èyí lọ. Òun ni ó ń tú adrenaline àti ìbátan rẹ̀ jáde. Phaeochromocytoma ni àwọn dókítà ń pè é, ẹ má dààmú lórí orúkọ náà. Kì í wọ́pọ̀. Ó máa ń wá, ó máa ń lọ: ènìyàn á jókòó jẹ́ẹ́, lójijì orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, yóò sì rò pé ikú dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí wákàtí kan, ó ti lọ, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ilé á ní wọ́n ta á lọ́fà ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó gbàgbọ́, ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni láti wá yọ ọfà, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe é lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ọn ni pé kókó yìí lè pa ènìyàn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Bí a bá fún un ní òògùn oorun láìmúra, tàbí tí a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó lè tú adrenaline jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀jẹ̀ ga kọjá ohun tí ọkàn àti ọpọlọ lè fara dà. Ní 1926, César Roux ní Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland, àti Charles Mayo ní Rochester ní Amẹ́ríkà, yọ irú rẹ̀, aláìsàn méjèèjì sì yè. Orí ni ó kó wọn yọ, nítorí kò tíì sí òògùn ìdáàbòbò nígbà náà. Lónìí, òògùn tí ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fún aláìsàn fún ọjọ́ mélòó kan, kí oníṣẹ́ abẹ tó mú ọ̀bẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ gún kókó adrenal láti gé díẹ̀ wò, àfi bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé kì í ṣe irú èyí. Àyẹ̀wò náà kò le: ìtọ̀ gbogbo wákàtí 24, tí a gbà sínú ìgò kan, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí a fà nígbà tí aláìsàn ti dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà náà ni CT kàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wà lórí adrenal, ṣùgbọ́n àwọn kan ń sá pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí sínú àyà, tàbí sí ọrùn.

Fún àwọn tí ó sá pamọ́ ni àwòrán òru ṣe wúlò. Ní ìlú Ann Arbor kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ṣe òògùn kan tí a ń pè ní MIBG, tí ó jọ ìbátan adrenaline débi pé kókó náà á gbé e mì bí ẹni gbé oúnjẹ rẹ̀. Iodine oníìtànṣán ni wọ́n so mọ́ ọn, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fún aláìsàn ní òògùn mìíràn tẹ́lẹ̀, kí gláǹdì ọrùn má baà gba ìtànṣán tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun kékeré kan wà tí ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan bíi labetalol, àti òògùn kátà tí ó ní pseudoephedrine nínú, ń dí ẹnu ọ̀nà tí MIBG ń gbà wọlé. Àwòrán á wá jáde ní òfo, wọ́n á sì sọ fún aláìsàn pé kò sí nǹkan. Ẹni tí ó bá ń lọ ya irú àwòrán yìí, kí ó ka gbogbo òògùn rẹ̀ sí etí dókítà, àti èyí tí ó rà ní ọjà pẹ̀lú.

Ti insulin, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Kókó tí ń tú u jáde ń hù nínú pancreas, lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ọ̀pọ̀ jùlọ kì í sì tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ṣúgà aláìsàn á máa wálẹ̀ bí kò bá tíì jẹun: á máa gbọ̀n, á máa sọ ìsọkúsọ, gìrì tilẹ̀ lè mú un, bí ó bá mu omi ṣúgà, orí rẹ̀ á pé padà. Ní Toronto, níbi tí wọ́n ti ṣàwárí insulin ní 1921, ni Roscoe Graham ti kọ́kọ́ yọ irú kókó bẹ́ẹ̀ ní 1929, tí aláìsàn sì bọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí aláìsàn gbààwẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó lè tó wákàtí 72, lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì, láti fi hàn pé insulin ni. Lẹ́yìn náà ni CT tàbí MRI. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá rí i, wọ́n á ki ẹ̀rọ kékeré gba ọ̀nà ọ̀fun wọ àpò oúnjẹ, láti wo pancreas láti ìtòsí. Ó dùn wá pé a lè ti de irú ẹni báyìí mọ́lẹ̀ bí wèrè.

Kókó tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ kan àwọn ìyá wa. Gláǹdì kan wà níbẹ̀ tí ń pèsè prolactin, họ́mọ̀nù tí ń mú ọmú wá fún ọlọ́mọ. Bí kókó bá mú un pọ̀ jù, obìnrin tí kò bímọ lè rí omi ọmú ní àyà rẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ á dúró, kò sì ní lóyún. Ọkùnrin náà lè ní i, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ ọ́, MRI yóò fi kókó náà hàn, òògùn oníhóró ni a sì fi ń wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ láìfi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Mélòó nínú àwọn ìyàwó ilé ni a ti pè ní àgàn, tí a sì lé lọ, tí kò jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa ẹ̀jẹ̀ wọn wò rí? Ṣùgbọ́n níbí náà, àwòrán láìsí ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ní 1994, wọ́n fi MRI wo ènìyàn 100 tí ara wọn le koko. 10 nínú wọn ni wọ́n rí àmì kókó kékeré lára gláǹdì yìí, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ọ̀kan lára àwọn àwòrán òru tí ó tuntun ni ti gallium-68, tí a so mọ́ òògùn tí ń lẹ̀ mọ́ ara irú àwọn kókó kan tí ń hù nínú ìfun, pancreas àti ẹ̀dọ̀fóró. Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i ní 2016. Ìṣẹ́jú 68 ni agbára gallium yìí fi ń dín sí ìdajì, nítorí náà a kò lè rà á ní Lọ́ńdọ̀nù kí a fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e wá. Ibi tí aláìsàn wà ni a ti gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀. Ohun tí ó mú inú wa dùn ni pé bí àwòrán bá ti fi hàn pé kókó gba òògùn náà, a lè so èròjà tí ó lágbára jù, lutetium-177, mọ́ irú òògùn kan náà, kí ó lọ jó kókó náà láti inú. Ní 2018 ni Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí ìyẹn náà.

Èsì wa wá nìyí sí ìbéèrè àwọn ẹ̀ka òkè òkun. A kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ńlá. Ẹ̀rọ CT ń fẹ́ iná tí kò ní já, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tún un ṣe, ó sì ń fẹ́ dókítà tí ó kọ́ nípa kíka àwòrán. Bí a bá tilẹ̀ rí gbogbo ìyẹn, àwòrán tí a yà láìsí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò máa fi kókó lásán dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wa, yóò sì máa rán wọn lọ sí abẹ tí kò yẹ. Ilé ìwòsàn University College ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwòrán oníìtànṣán ní 2006. Kò jìnnà débi tí a kò lè rán aláìsàn lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí a ná owó náà lé lórí kò ní ògo lójú, ẹnikẹ́ni kò sì ní ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Èkíní ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àti ẹni tí a kọ́ ní bí a ti ń lò ó. Èkejì ni àpótí oníyìnyín àti ọkọ̀ tí yóò máa gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ wọ́n wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí oòrùn ti pa kò lè sọ òtítọ́. Ẹ̀kẹta ni owó ìrànwọ́ fún àyẹ̀wò họ́mọ̀nù, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kí ó tó pé ọdún 40, fún ẹni tí òògùn mẹ́ta kò mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, àti fún ẹni tí pọtáṣíọ̀mù rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹni tí àyẹ̀wò bá mú nínú wọn, kí ẹgbẹ́ san owó àwòrán rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. A rò pé iye wọn kò ní pọ̀ ju ohun tí apá wa ká lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní òkè òkun, a mọ̀ pé ẹ̀rù ilé ń bà yín, tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́ pé kí ìyá lọ ya àwòrán gbogbo ara láti orí dé àtàǹpàkò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ fi owó náà ra ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, kí ẹ sì máa béèrè iye tí ó ń kà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin náà tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, ẹ bi dókítà yín bóyá ó ti yẹ aldosterone yín wò. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín bá sì ti ní kókó adrenaline rí, ẹ sọ fún un, nítorí irú rẹ̀ kan ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ, àyẹ̀wò sì wà fún ọmọ kí àìsàn tó yọjú.

Lẹ́yìn ìpàdé, a ó jókòó ní yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn yìí títí di agogo mẹ́fà. Ẹni tí ó bá ní ìwé àyẹ̀wò tàbí àwòrán nílé, kí ó mú un wá, pẹ̀lú gbogbo òògùn tí ó ń lò nínú ọ̀rá kan. Àwọn tí kò lè dúró, kí wọ́n fi ìbéèrè wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. A ó dáhùn wọn kí oṣù yìí tó parí.